Oúnjẹ Èjìká Ọjọ́ Àìkú

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Alásè, ọmọ rẹ̀ obìnrin kò fẹnu kan oúnjẹ nílé mọ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà kì í wá. Ó ń wá. Á gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, á kí ìyá rẹ̀, á gbé ọṣẹ tàbí èso tó rà kalẹ̀ sórí tábìlì, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá wo mítà iná. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó fìdí lé àga kó jẹ nǹkan, èsì kan náà ni: "Mo ti jẹun, Màmá." Ọmọ tó bá ń jẹun yó kó tó yà sílé ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti ebi.

Ìyá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni, ní yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn kan, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ibùsùn àti kọ́tìnnì àti ẹ̀wù funfun àwọn dókítà. Kò sí ẹ̀wù tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kò lè gé irú rẹ̀. Á wò ó níwájú, á wò ó lẹ́yìn, á fọwọ́ pa ojú rírán rẹ̀, ó parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Má-Fi-Ṣòfò, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà láìbínú. Èérún aṣọ tó bá já bọ́ lẹ́nu àlùmọ́gàjí rẹ̀ á di ohun tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná. Èyí tó bá kéré jù fún ìyẹn á wọ inú tìmùtìmù. Bó ṣe ń ṣe aṣọ náà ló ń ṣe ọ̀rọ̀: èyí tí kò bá wúlò, kì í sọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alásè ní ilé oúnjẹ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe táyà. Òun náà ló ń sè nílé, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ kíṣìnnì nígbà tó bá wà níbẹ̀. "Ṣé èmi máa ń fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí rẹ?" ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ kò lè jiyàn ìyẹn. Ẹni tó mọ iyì irinṣẹ́ tirẹ̀ kì í tojú bọ ti ẹlòmíràn. Á jókòó sí tábìlì, Alásè á bu oúnjẹ sínú abọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á sì gbé e jáde fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, oúnjẹ kan ṣoṣo ló ń sè. Núdúlù àwọn ará Ṣáínà ni, fọ́nrán gígùn tí wọ́n bọ̀ nínú omi, tí wọ́n po yánmọtí lílọ̀ sí nídìí abọ́, tí wọ́n wá bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n ti dín gbẹ lé e lórí. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan tó wá láti Ṣáínà ló ti kọ́ ọ, nígbà tó ṣì ń fọ abọ́ fún bàbá náà. Bàbá yẹn sọ fún un pé ọ̀pá làwọn tó ń ta á láyé àtijọ́ fi ń gbé e kọ́ èjìká, ìkòkò níwájú, abọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n á máa kiri òpópónà. Nítorí náà, nílé Alásè, oúnjẹ èjìká ló ń jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Alásè, Aránṣọ wo agbada irin tó fi ń dín ẹran, tó wà lórí ìṣó lára ògiri. Ó wo ọ̀bẹ fífẹ̀ rẹ̀ àti asẹ́ rẹ̀. Òun kò mọ̀ ọ́n lò. Irin tí wọn kò bá lò á dógùn-ún, ohun tó bá sì dógùn-ún, ilẹ̀ ló ń lọ. Ó di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ, ó gbé e lọ fún alásè tuntun ní ilé iṣẹ́ táyà. Ọkùnrin náà dúpẹ́ títí, ó ní irú agbada bẹ́ẹ̀ kò sí lórí àtẹ mọ́. Aránṣọ padà sílé pẹ̀lú ọkàn ẹni tó ṣe ohun tó tọ́.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ dé láti wá mú agbada náà. Ìṣó ló bá.

"Ẹ ò tiẹ̀ bi mí," ló wí.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó mu omi, ó ní òun ti jẹun, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ní òun ti jẹun.

Ìyá rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ táyà láti gba agbada padà. Alásè tuntun kó àwọn irinṣẹ́ náà síwájú rẹ̀ tinútinú, ṣùgbọ́n ó ti gé etí agbada náà méjèèjì kúrò, ó ti jó ọwọ́ gígùn mọ́ ọn kó lè bá iná ńlá tiwọn mu. Kì í ṣe agbada Alásè mọ́. Aránṣọ ní kó máa lò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Agéṣọ, obìnrin tó ń gé aṣọ lórí tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ bi í.

"Fíríìjì ilé rẹ ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

"Mo bi ọ́ ni. Ṣé ó dá ṣáṣá?"

"Ó ń kùn díẹ̀."

"Ó ń kùn." Agéṣọ mi orí. Ó mọ̀, bí gbogbo wọn ní yàrá náà ṣe mọ̀, pé fíríìjì títúnṣe ni iṣẹ́ ọmọ Aránṣọ, àti pé Onífíríìjì ni ìyá rẹ̀ ń pè é nígbà tó bá ń fi í yangàn. "Ọmọ rẹ ń tún ti gbogbo ayé ṣe, tìrẹ ń kùn. Pè é. Sọ fún un pé ó ń kú lọ."

"Kò kú."

"Ta ló ní kó kú? Ìwọ ṣáà pè é. Tó bá ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ sílẹ̀, kò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ìgbà yẹn ni kó o gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀." Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Àmọ́ ṣá o, tó bá jẹ́ irú èyí tó o máa ń gbé wá síbí ni, jẹ́ kó máa bá fíríìjì ẹ̀ lọ."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Gbogbo wọn ló mọ búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ rẹ̀.

"Oúnjẹ bàbá rẹ̀ ni mo máa sè fún un," ló wí.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹnu mi. Mo ti jẹ ẹ́ pẹ́. Ẹ̀wù tí mo bá wọ̀ débi tó fi gbó sí mi lọ́rùn, ṣé mi ò lè rán an?"

"Ó dáa," ni Agéṣọ wí. "Tí ẹ̀wù náà bá há, má pè mí o."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní fíríìjì ń kùn. Onífíríìjì bi í irú kíkùn tó ń kùn, ó bi í bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná, ó ní ó dáa, òun á yà lọ́jọ́ Àìkú. Kò bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, òun náà kò sì bi í.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àwọn ará Ṣáínà wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Obìnrin tó ni ín ti dàgbà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé kò sí àwàdà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ á dá tí kò ní dá padà fún wọn. Aránṣọ kó ohun tó fẹ́ síwájú rẹ̀: núdúlù gbígbẹ, ìgò yánmọtí lílọ̀, ìgò omi sóyà dúdú, àti ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Orúkọ ni kò mọ̀. Ó ṣí ìdérí èyí tí obìnrin náà gbà á láyè láti ṣí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà ń wò ó. "Ẹ̀yin nìyàwó alásè ilé iṣẹ́ táyà."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Òun náà kì í ra nǹkan láìgbóòórùn ẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé imú ẹ̀ ló ń ná ọjà, kì í ṣòun." Ó kí i kú ọ̀fọ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó gbé ọ̀rá méjì sórí tábìlì, ata pupa gbígbẹ nínú ọ̀kan, àwọn èso kéékèèké kan tó dà bí èèpo nínú èkejì. "Ẹ gbàgbé àwọn yìí."

"Kí nìyẹn?"

"Ata. Èyí ń ta, èyí ń mú ètè kú."

"A kì í fi ata sí i."

"Ọkọ yín máa ń rà á."

"Fún ilé iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣe táyà ní ìfun irin."

Obìnrin náà kò dá ọ̀rá méjèèjì padà síbi tó ti mú wọn lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé wọn. "Oúnjẹ yìí láìsí ata," ló wí, "ẹ̀wù tí kò lápá ni."

"Mo ti rán ẹ̀wù tí kò lápá rí," ni Aránṣọ dáhùn. "Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ràn ẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó so aṣọ mọ́ ìdí, ó wọ kíṣìnnì bí ẹni tó wọ ilé onílé. Kò sí agbada, nítorí náà ó gbé páànù tó ti fi ń dín ẹyin kaná. Ó da ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ sí i. Ẹran náà kò tètè gbẹ. Ó sun omi, ó ń hó nínú omi ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí tó ń sunkún. Ó dúró tì í. Kò rò ó ju bó ṣe yẹ lọ, kò da òróró lé e. Nígbà tó yá, omi gbẹ, ìró rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, ọ̀rá tirẹ̀ ló sì fi ń dín ara rẹ̀. Ó da aáyù àti atalẹ̀ tó ti gé wẹ́wẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́ oníyọ̀, lẹ́yìn náà omi sóyà.

Ó tọ́ ọ wò, ó dijú. Ohun tó ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ń wá ibi tí ojú rírán ẹ̀wù kan gbà. Kò tíì dé. Ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i, kò tíì dé. Ó po yánmọtí pẹ̀lú omi tí núdúlù ti hó nínú rẹ̀ àti ọtí kíkan díẹ̀, ó da á pọ̀ mọ́ ẹran lórí síbí, ó tọ́ ọ wò.

Ó dé.

Ó dé pátápátá. Adùn náà bẹ̀rẹ̀ níwájú ahọ́n, ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́, ó sì jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun níbi tó máa ń jókòó sí. Aránṣọ di etí tábìlì mú. Ó dà bí ẹni pé Alásè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì jáde, abọ́ méjì lọ́wọ́ kan, ọ̀kan lọ́wọ́ kejì. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, ó wá nu ojú rẹ̀ ó sì pa gáàsì.

Onífíríìjì dé lọ́sàn-án. Ó fa fíríìjì kúrò lára ògiri, ó gbé etí lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì.

"Màmá, fíríìjì yín ò ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ló kúrú."

"Ó ń kùn."

"Gbogbo nǹkan tó bá ti dàgbà ló ń kùn."

"Èmi ò kùn."

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan." Ó yí ẹsẹ̀ kúkúrú náà títí ó fi dọ́gba, kíkùn náà sì dá. Ó nu ọwọ́. Ìgbà náà ni imú rẹ̀ gbé òórùn náà, ó sì yíjú sí kíṣìnnì. "Kí lẹ ń sè?"

"Jókòó."

Ìyá rẹ̀ kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé lọ bọ núdúlù, ó ń retí kí ilẹ̀kùn ìta dún. Kò dún. Nígbà tó gbé abọ́ méjì jáde, ọmọ rẹ̀ wà lórí àga, àpò irinṣẹ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Aránṣọ gbé abọ́ kan síwájú rẹ̀, ó jókòó, kò sì fọwọ́ kan tirẹ̀.

Onífíríìjì po oúnjẹ náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó bù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó sì dúró, oúnjẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kò dùn?"

"Ó dùn." Ó gbé e mì. "Ó dùn gan-an, Màmá. Tiyín ni."

"Èmi kọ́. Ti bàbá ẹ ni. Bó ṣe máa ń sè é gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sè é."

"Mo mọ̀. Bó ṣe máa ń sè é fún yín ni." Ọmọ náà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ lóòótọ́?"

"Kí ni mi ò mọ̀?"

"Ìkòkò méjì ni."

Aránṣọ wò ó.

"Ìkòkò méjì ni Dádì máa ń gbé kaná ní Sọ́ńdè. Kékeré kan fún yín tí kò sí ata nínú ẹ̀, ńlá kan fún èmi àti òun. Ata ló kún inú tiwa, Màmá. Ata àti àwọn nǹkan kéékèèké yẹn tó ń mú ètè kú. Ẹ̀yin ò rí wa bá a ṣe máa ń làágùn ni?"

Ó rí wọn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ń rí wọn, bàbá àti ọmọ, imú wọn ń ṣomi, iwájú orí wọn ń dán. Ó rò pé ooru oúnjẹ ni. Ó tilẹ̀ máa ń bá wọn wí: ẹ fẹ́ ẹ kó tutù, kí ló ń lé yín. Àwọn méjèèjì á wo ara wọn, wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ. Bàbá àti ọmọ ló pè é.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó ní kí wọ́n tó bí mi, ó sè é fún yín bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ lá abọ́, inú wá ń ta yín títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Oúnjẹ tí wọ́n ti bù, ṣé kí n dà á nù ni?"

"Ohun tó ní ẹ máa wí gan-an nìyẹn." Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ọmọ náà, kò sì yọ tán. "Ó ní tí ẹ bá gbọ́ pé ìkòkò méjì ni, ẹ máa ní ẹnu mẹ́ta péré, iná méjì, ìkòkò méjì láti fọ̀, kó sè é pọ̀, ẹ máa fara mọ́ ọn. Ẹ ó sì fara mọ́ ọn lóòótọ́. Ìyẹn ni kò fẹ́. Èmi ni mò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fún un nígbà tí mo wà ní kékeré."

Òótọ́ ni. Ohun tí òun ì bá sọ nìyẹn, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Aránṣọ rántí òru inú rírun náà. Ó ti rò pé ẹran náà ló ti bàjẹ́, tí ọkọ òun fi ata bò ó, àti pé ó tijú láti sọ. Nígbà tó tún sè é tí kò ta mọ́, ó rò pé ó ti mọ̀ ọ́n sè ni. Ó tilẹ̀ yìn ín.

"Jẹun," ló wí. "Ó ń tutù."

Onífíríìjì jẹ ẹ́ dé ìdajì. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹnì kan tó ń ta áísìkiriìmù ló pè, gbogbo ọjà rẹ̀ ti ń di omi. Ó dìde, ó gbé àpò kọ́ èjìká.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ó dùn lódodo."

Bí àlejò ṣe ń dúpẹ́ ló ṣe dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ bá a dé ẹnu ọ̀nà.

"Wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Mo máa se tìrẹ."

"Aláta?"

"Bó bá ṣe yẹ kó rí."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Tí iṣẹ́ ò bá sí," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Aránṣọ padà sí tábìlì, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó sì jẹ èyí tó ṣẹ́kù nínú abọ́ kejì.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ibùdókọ̀, tó tọ́ka sí ọ̀rá méjèèjì, obìnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Ẹ ṣí fèrèsé."

Kò ṣí i tó. Nígbà tó da òróró gbígbóná lé ata pupa náà, èéfín tó dìde mú un lọ́fun bí ọlọ́pàá. Ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú. Obìnrin àjà kejì yọjú láti fèrèsé ìsàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń jó lókè yẹn?"

"Ata ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ jẹun ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ búrẹ́dì yín tẹ́lẹ̀ yẹn," ni obìnrin náà wí, ó sì pa fèrèsé dé.

Ìkòkò méjì wà lórí iná, iná méjì ń jó. Aránṣọ ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Iṣẹ́ náà le ju bó ṣe rò lọ, nítorí ìkòkò kékeré máa ń fẹ́ jóná nígbà tí ojú bá wà lára ńlá. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe èyí kó máa bá ẹni tó wà ní pálọ̀ sọ̀rọ̀ lọ láì dá ọ̀rọ̀ dúró. Alásè máa ń ṣe é. Á máa bi í nípa àwọn ará yàrá ìránṣọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á sì rẹ́rìn-ín níbi tó bá yẹ kó rẹ́rìn-ín.

Ó bọ núdúlù nígbà tó rò pé ọmọ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Ó bù ú sí abọ́ méjì, ó gbé e jáde, ó jókòó. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Yàrá yìnyín kan tí wọ́n ń kó ẹran sí ti dákẹ́, ẹran ti ń yọ́. *Mi ò lè wá mọ́. Ẹ má bínú, Màmá.*

Kò bínú. Ẹran tó bá yọ́ á bàjẹ́, iṣẹ́ sì ni iṣẹ́. Òun náà ti fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì rí nítorí ẹ̀wù dókítà. Ó jókòó wo abọ́ méjèèjì. Núdúlù kì í dúró de ènìyàn. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, á wú, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò ní ṣeé jẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ti abọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fa èyí tó pupa sọ́dọ̀.

Èkíní tó bù sẹ́nu kò ṣe nǹkan kan. Adùn tó mọ̀ ni, yánmọtí, ẹran, ẹ̀fọ́ oníyọ̀. Ó fẹ́ máa rò pé ọmọ òun ló ń ṣe àsọdùn, nígbà tí iná náà dé. Ó dé láti ẹ̀yìn ọ̀fun, ó gun imú lọ sí ojú. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, bí aṣọ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré lórí rẹ̀, ó sì kú. Ó fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ pé òun ni. Omi dà lójú rẹ̀. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó fẹ́ mọ̀.

Lábẹ́ iná náà, oúnjẹ mìíràn wà. Adùn tó mọ̀ kò jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Ó ń sáré, ó ń fara hàn, ó ń fara pamọ́, ènìyàn á fẹ́ máa lé e lọ. Ohun tí àwọn méjèèjì ń jẹ nìyẹn. Wọ́n jókòó sí tábìlì yìí, apá wọn ń kan ara wọn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pàápàá ń kan tiwọn, síbẹ̀ òun kò tíì dé ibi tí wọ́n wà rí. Ìfẹ́ ló fà á. Kò ṣiyèméjì lórí ìyẹn, kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ni Alásè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì kú láì ṣí i, kò sì sí ẹni tí òun lè bá jà. Ó wu Aránṣọ láti bá a jà. Á bi í pé ta ló ní òun ò lè kọ́ ọ. Á bi í pé ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni inú ń ta ènìyàn kó tó mọ́ ọn lára ni. Lẹ́yìn náà á bi í nípa gáàsì tí ìkòkò méjì ń jẹ.

Ní ìsàlẹ̀, obìnrin àjà kejì ń fa àga. Aránṣọ ń jẹun, ó ń fi apá nu imú, ó ń sunkún tàbí kò sunkún. Ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ ọ̀kan sí èkejì mọ́.

Ó ti jẹ ẹ́ dé àárín nígbà tí fóònù dún.

"Màmá?"

"Hẹn." Ètè rẹ̀ kò ṣe bó ṣe ní kó ṣe.

"Ẹ ń sunkún ni?"

"Ata ni."

"Ata wo?"

"Tìẹ."

Ó gbọ́ ìró irin lọ́dọ̀ ọmọ náà, àti ohùn ọkùnrin kan tó ń béèrè iná tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ìró náà jìnnà, bí ẹni pé ọmọ náà ti rìn kúrò níbẹ̀.

"Ẹ ń jẹ ẹ́? Ẹ̀yin?"

"Ó ti wà lórí tábìlì."

"Báwo ló ṣe rí?"

Aránṣọ rò ó. Kì í sọ èyí tí kò wúlò. "Mi ò gbúròó ẹnu mi mọ́," ló wí.

Onífíríìjì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín náà gbẹ̀yìn, débi pé ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló wà lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń mí gúlegúle.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni ọmọ náà wí nígbà tó yá. "Ó máa kúrò láìpẹ́. Ẹ má mu omi, omi ló ń mú un le sí i." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ó kù?"

"Ẹran ṣì wà ní ìkòkò. Núdúlù ti wú."

"Mi ò bìkítà núdúlù tó wú. Ṣé ata ṣì wà?"

"Ó wà."

"Ẹ bò ó fún mi." Ọkùnrin oní-tọ́ọ̀ṣì tún pè é. "Mi ò lè ṣèlérí o, Màmá. Iṣẹ́ ibí yìí ò tíì sún. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa kúrò, bóyá mi ò tiẹ̀ ní lè wá lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ bò ó."

"Mo gbọ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wọ kíṣìnnì, ó fi àwo de ìkòkò ńlá. Ó padà síwájú abọ́ pupa náà, ó wò ó. Ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ebi ṣì ń pa á, ahọ́n rẹ̀ sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bù ú sí i. Ó mú àwo mìíràn, ó bo ìyẹn náà. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn.